Láti orí ìkòkò tíì Utah dé orí káàdì tòkunbọ̀: bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ordinateur tó ń yàwòrán

Bí a bá ti ta kajú tán, tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń yàwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fídíò máa ń bi ara wọn: ordinateur orí tábìlì yìí, tí ọlọ́jà ní ó lágbára fún 3D, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ? Ìbéèrè náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 50 tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yàwòrán ti ń bá a fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wọ̀n. Ẹni tó ń ya ilé lórí ordinateur á kọ́kọ́ mọ ògiri àti òrùlé rẹ̀, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò wá ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa bà lé ògiri, ibi tí òjìji máa bọ́ sí, bí gíláàsì ojú fèrèsé ṣe máa dán. Ìṣirò yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rendu. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń làágùn, káàdì àwòrán, ìyẹn carte graphique, ló sì máa ń ru púpọ̀ nínú ẹrù náà lóde òní.

Ní 1975, ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, Martin Newell ń wá ohun tó máa fi dán ètò ìyàwòrán rẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀, Sandra, ló dábàá ìkòkò tíì tó wà nínú ilé wọn. Newell yà á sórí ìwé, ó sì kó òǹkà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkòkò tíì? Ara rẹ̀ rí roboto, ọwọ́ rẹ̀ ní ihò, ẹnu rẹ̀ yọ síta, òjìji rẹ̀ sì ń bọ́ sára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá lè ya gbogbo ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òǹkà náà, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń lo ìkòkò kan náà, bí àwọn ìyálọ́jà ṣe ń fi kóńgò kan náà wọn àgbàdo. Ìkòkò náà gan-an ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní California.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1995, Pixar gbé Toy Story jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ya gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Sun 117 ni wọ́n kó jọ. Àwòrán kan ṣoṣo lè gbà tó ìṣẹ́jú 45, òmíràn lè gba wákàtí 30, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán 24 ló ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo wákàtí tí àwọn ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ tó 800,000. Bí ẹ bá pín in fún ẹ̀rọ 117, ó ń lọ sí ọjọ́ 285 tọ̀sán-tòru, láìsinmi, fún fíìmù tí kò pé wákàtí kan ààbọ̀. Ní Pixar, agbára ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: wákàtí mélòó ni àwòrán yìí gbà? Ó parí.

Ìgbà tí káàdì àwòrán di ọjà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Ní 1998, ilé iṣẹ́ kan ní Finland gbé ìdánwò kan tó ń jẹ́ 3DMark jáde. Ẹ̀rọ á ya àwọn eré kan, á sì gba máàkì. Ní 1999, NVIDIA gbé GeForce 256 wá sọ́jà, wọ́n pè é ní GPU àkọ́kọ́ lágbàáyé. Láti ìgbà náà, máàkì ló ń ta káàdì. Nígbà tí máàkì bá sì ń ta ọjà, ẹ mọ ohun tí ẹlòmíràn máa ṣe sí ìdí kóńgò.

Ní 2001, àwọn oníròyìn kan ṣàkíyèsí pé káàdì Radeon 8500 ti ilé iṣẹ́ ATI ń sáré gan-an nínú eré Quake III. Wọ́n yí orúkọ fáìlì eré náà padà sí «Quack», wọn ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, eré ìje náà sì rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ètò tó ń darí káàdì náà ń wo orúkọ eré ni, tó bá ti rí «Quake», á dín ẹwà àwòrán kù kó lè yára.

Èyí tó wáyé ní oṣù karùn-ún 2003 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 3DMark03, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ń gbà kọjá, kì í yà. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà rí i pé ètò NVIDIA ti mọ ọ̀nà yẹn, kò sì ya ohun tí kámẹ́rà ò ní dé. Ó dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí ìbéèrè ìdánwò lálẹ́ àná. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, máàkì GeForce FX 5900 Ultra já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 24.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ATI náà já, ṣùgbọ́n kò tó ìdá méjì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Finland àti NVIDIA jọ kọ̀wé pé kì í ṣe ìrẹ́jẹ, pé «àtúnṣe fún ètò kan pàtó» ni. Èmi ò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, eré kì í ṣe rendu. Nínú eré, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ń fojú díwọ̀n. Nínú rendu, ó lè jókòó ti àwòrán kan fún wákàtí kan kí ìmọ́lẹ̀ lè rí bó ṣe yẹ. Káàdì tó dára fún ti àkọ́kọ́ lè kú sẹ́nu ti èkejì.

Holland ni ìrànlọ́wọ́ ti wá fún irú wa tí kò lówó ètò olówó ńlá. Ton Roosendaal ló dá ètò Blender sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè, ní 2002, àwọn èèyàn káàkiri ayé dá 100,000 euro láàárín ọ̀sẹ̀ méje láti ra ètò náà sílẹ̀ fún aráyé, ó sì di ọ̀fẹ́. Ní ìparí 2011, ẹ̀ka rendu rẹ̀ tó ń jẹ́ Cycles wọlé. Ní 2018, wọ́n ṣí Blender Open Data: ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe rendu àwọn àwòrán kan náà, kí èsì rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ẹ ò rí i pé ìkòkò tíì Newell ló tún padà wá yìí?

Ó wá kù sí ọjà tiwa. Bí ọlọ́jà bá fi máàkì Cinebench R20 tàbí R23 hàn yín, ẹ mọ̀ pé processeur nìkan ni ìyẹn ń wọ̀n, kò sọ nǹkan kan nípa káàdì àwòrán. Ẹ̀dà 2024 ni Maxon ti Jámánì tún dá ti káàdì padà sí. Ẹ má sì gba orúkọ gbọ́ lásán. GT 1030 ti 2017 àti èyí tó jáde ní 2018 pẹ̀lú mémoire DDR4, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mémoire àkọ́kọ́ ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 48 Go, ti èkejì ò ju nǹkan bí 17 lọ. Ayédèrú pọ́ńbélé tún wà, káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Ó pọ̀ débi pé láti 2018 ni ètò ọ̀fẹ́ GPU-Z ti ń tú àṣírí ayédèrú NVIDIA.

Tòkunbọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, jáwọ́ nínú lílo káàdì àwòrán. Àwọn tó ti ń fi òkìtì káàdì ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wọn ti yí púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi Blender àti iṣẹ́ tiyín gan-an sínú clé USB, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Blender kan wà tí kò nílò kí ẹ fi í sórí ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo inú ètò rẹ̀ kí ẹ rí i pé káàdì lẹ yàn, nítorí bí ẹ ò bá yàn án, processeur ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ ó sì dá káàdì lẹ́bi lásán. Ẹ jẹ́ kó ṣe rendu fún ìdajì wákàtí. Àwòrán kìíní lè gba ìṣẹ́jú méjì, kí ìkẹwàá gba mẹ́ta nítorí ooru, òòrùn oṣù kẹta ní Savalou kì í sì í ṣe ti Finland.

Ẹ tún wo mémoire. RTX 3060 Ti yára ju RTX 3060 lọ, ṣùgbọ́n 8 Go ló ní, nígbà tí RTX 3060 tó kọ́kọ́ jáde ní 12. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ 10 Go lè kọ̀ láti ṣí lórí èyí tó yára, kó sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí èyí tó lọ́ra. Bí káàdì AMD àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ rántí pé láti Blender 3.0, ní ìparí 2021, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ṣe Cycles mọ́. Kí ẹ sì ka iye wáàtì tó wà lára àpótí iná: RTX 3060 nìkan lè fa wáàtì 170, kí a tó dé orí ìyókù ẹ̀rọ.

Àwòrán «Classroom» wà lọ́fẹ̀ẹ́ lójú òpó Blender. Ẹni tó bá ti fi tirẹ̀ ṣe é, kó kọ orúkọ káàdì rẹ̀, mémoire rẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tó gbà sí ìsàlẹ̀ níbí, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Bantè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti rajà lè rí nǹkan fi wé.