Ibojì Méjì: Ti Onílé àti ti Àlejò

Láàrin àwa Yorùbá, bí ènìyàn bá kú sí àjò, ilé ni a ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀. Bí òkú náà kò bá ṣeé gbé, àwọn àgbà a gé irun orí àti èékánná rẹ̀, wọn a sì gbé wọn wálé láti sin. Èmi tí mo ń gbé Adégbayí, ní ọ̀nà Ifẹ̀, mo máa ń rántí àṣà yìí bí mo bá gbọ́ orúkọ Lálúpọn, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà Ìwó. Nítorí ní agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti pa olórí orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú ẹni tí ó gbà á lálejò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ọdún 1966, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi wà ní Ìbàdàn láti bá àwọn lọ́balọ́ba ṣèpàdé. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ni ó wọ̀ sí ní Agodi. Ní òru, àwọn ọmọ ogun yí ilé náà ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ sínú igbó, wọ́n sì pa wọ́n.

Ìtàn tí a mọ̀ jù ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń wá òun fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n fura pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní ọdún náà. Ibojì kò lè parí àríyànjiyàn yìí. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé onílé àti àlejò kú pọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ sin wọ́n sí Ìbàdàn, síbẹ̀ ìjọba kò kéde ikú wọn fún oṣù márùn-ún àti ààbọ̀. Kí ni ó fà á? Bí a bá ti kéde òkú olórí, a ó bèèrè ẹni tí ó pa á, a ó sì bèèrè ẹni tí ó tọ́ sí ipò rẹ̀. Ojukwu kò gba Gowon lólórí níwọ̀n ìgbà tí a kò sọ ohun tí ó ṣe Ironsi. Lẹ́yìn ìpàdé Aburi ní Gánà, ní oṣù Kìíní ọdún 1967, ni ìjọba tó tú àṣírí náà. Nígbà náà ni wọ́n hú òkú wọn: Ironsi lọ sí Umuahia, Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tí ilẹ̀ tí Ironsi sùn sí fi di ara Bíáfrà.

Fájuyì ti ṣiṣẹ́ ogun rí ní Kóńgò, níbi tí wọ́n ti pa Lumumba ní ọdún 1961, tí wọ́n sì fi ásíìdì yọ́ òkú rẹ̀ kí ó má baà ní ibojì. Eyín kan ṣoṣo ni Bẹ́ljíọ̀mù dá padà ní ọdún 1922 + 100, èyíinì ni 2022, òun ni a sì gbé sínú ibojì ńlá ní Kinshasa. Irun àti èékánná àwọn baba wa kọ́ ni ìyẹn bí?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, bí ẹ bá dé ibojì olórí kan, ẹ má wo títóbi rẹ̀ nìkan. Ẹ ka iye ọjọ́ tí ó wà láàrin ikú àti ìsìnkú. Òun ni yóò sọ irú ìjọba tí ó wà lórí oyè.