Ohùn Tí Ilẹ̀ Gbé Mì

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe físíìsì, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ọ̀gá ká wáyà bàbà, tí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, tí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì sì yí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Wọ́n gbé pákó sí àárín, abẹ́rẹ́ kò yẹ̀. Wọ́n gbé irin sí i, abẹ́rẹ́ kọjú síbòmíràn. Ẹ̀rín la rín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi kà nípa Sago.

Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ni Sago, ní West Virginia, l'Amẹ́ríkà. Láàárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2006, nǹkan bú gbàù nínú ihò náà. Ẹnì kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn 12 há sínú. Tẹlifóònù abẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Wọ́n mú òòlù, wọ́n ń lu irin tó di àjà ihò mú, wọ́n lù ú títí. Kò sí ẹ̀rọ kankan lókè tó ń tẹ́tí sí wọn. Ó ju wákàtí 40 lọ kí àwọn olùgbàlà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Randal McCloy nìkan ló yè.

Rédíò wá ńkọ́? Ilẹ̀ ló ń pa á. Amọ̀ tutù, omi iyọ̀, àpáta tó mumi, gbogbo wọn ló ń gba iná mànàmáná kọjá, wọ́n á sì sọ agbára ìgbì di ooru. Bí ìgbì bá ṣe ń yára gbọ̀n tó ni ilẹ̀ ṣe ń yára gbé e mì. Nínú ilẹ̀ tí agbára ìdínà iná rẹ̀ jẹ́ 100 ohm-mítà, ìgbì tó ń gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kò ní rìn ju mítà 5 lọ tí yóò fi kù díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 péré á rìn tó mítà 160 kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí rèé tí wọ́n fi yà sọ́dọ̀ òòfà tó ń rọra gbọ̀n. Lójú òòfà, ọ̀pọ̀ òkúta kò yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó há á tẹ́ wáyà róbótó sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè á gbé tirẹ̀ nàró, á máa yí i kiri. Ibi tí ohùn bá ti kú pátápátá níbi gbogbo tó bá kọjú sí, ẹni náà wà nísàlẹ̀ gan-an. Kí irin ojú-ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ sáà wà nítòsí, òòfà á tẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ ihò síbi tí kò sẹ́nìkan. Ohun tí ọ̀gá fi hàn wá náà nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní Farmington, West Virginia yẹn náà, èèyàn 78 kú lóṣù kọkànlá ọdún 1968. Lẹ́yìn rẹ̀ ni U.S. Bureau of Mines ná owó sórí ìwádìí yìí ní àwọn ọdún 1970, tí James Wait sì ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń dí òòfà lọ́wọ́. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ títí Sago fi dé!

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2006 ni Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin MINER: láàárín ọdún mẹ́ta, kí ohùn máa lọ, kó máa bọ̀ láìsí wáyà, kí wọ́n sì mọ ibi tí olúkúlùkù wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé wọlé nígbà tí àkókò pé ṣì gbára lé wáyà àti àwọn àpótí rédíò kéékèèké tí wọ́n tò sínú ihò, èyí tí ìbúgbàù mìíràn lè fọ́.