Omi Ẹ̀rọ Etí Odò Ohio: Ìtàn Àyẹ̀wò Omi Mímu fún C8

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1938, Roy Plunkett, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní láàbù ilé-iṣẹ́ DuPont ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ṣí ẹnu sílíńdà gáàsì kan, ṣùgbọ́n gáàsì kò jáde. Nígbà tí wọ́n fi ayùn la sílíńdà náà, ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ọ̀hún ló di Teflon, èyí tí wọ́n ń fi bo inú páànù kí ẹyin díndín má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Láti máa ṣe Teflon lọ́pọ̀ yanturu, DuPont nílò kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ PFOA. C8 ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀. Ọdún 1951 ni DuPont bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 3M, tó sì ń lò ó ní Washington Works, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó wà létí odò Ohio nítòsí ìlú Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia.

Nínú C8, kábọ́ọ̀nù àti fluorine di ara wọn mú débi pé oòrùn kò lè tú wọn ká, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ náà kò sì lè jẹ wọ́n rà. Ó máa ń yòrò sínú omi, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn bá se omi náà títí, C8 kò ní í kúrò níbẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí irú kẹ́míkà báyìí, kì í ṣe inú omi. Ní ọdún 1968, Donald Taves ti Yunifásítì Rochester kọ ọ́ pé oríṣi fluorine méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn so mọ́ nǹkan mìíràn tí a kò tíì mọ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1975, òun àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Warren Guy, ti ń bi 3M léèrè bóyá ọjà wọn ni nǹkan náà ti wá.

Ní ọdún 1984, DuPont rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan kí wọ́n lọ bu omi ẹ̀rọ wá láti àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè náà, ní ìhà West Virginia àti ní òdìkejì odò ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n pọn omi sínú ike, wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Èsì tó jáde ni pé C8 wà nínú omi Lubeck ní West Virginia, ó sì wà nínú omi Little Hocking ní Ohio. Ilé-iṣẹ́ náà ti ń da kẹ́míkà yìí sínú odò, ó ń bá èéfín rẹ̀ jáde, ó sì ń jò wọlẹ̀ láti inú àwọn kòtò ìdọ̀tí tí wọn kò tẹ́ nǹkan kan sí nísàlẹ̀, títí tó fi dé ìdí àwọn kànga tí ará ìlú ń fà omi láti inú wọn. Lójú tèmi, ọdún yìí ló yẹ ká máa ka ìtàn àyẹ̀wò náà láti ibẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìjọba dá sí i. Àyẹ̀wò pé, èsì pé, àwọn tó ń mu omi náà nìkan ni kò gbọ́. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ DuPont fúnra wọn pinnu ìwọ̀n C8 tí omi mímu kò gbọdọ̀ kọjá. Lọ́dún yẹn kan náà, C8 tó wà nínú omi àdúgbò kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ọ̀hún. Síbẹ̀, wọn kò sọ fún ará ìlú.

Màlúù ló tú àṣírí náà. Wilbur Tennant, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù lẹ́bàá ilẹ̀ tí DuPont ń da ìdọ̀tí sí, rí i pé àwọn ẹran rẹ̀ tó ń mu omi odò kékeré Dry Run ń kú lọ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 1998, ó kàn sí agbẹjọ́rò Rob Bilott ní ìlú Cincinnati. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ Bilott mọ́ ni pé kí ó máa gbèjà àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà, ìdí sì nìyẹn tó fi mọ bí a ṣe ń ka ìwé wọn. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní ọdún 2000 pé kí DuPont kó ìwé jáde, ó jókòó ti ohun tó ju 110,000 ojú ìwé lọ, ibẹ̀ ló sì ti rí àyẹ̀wò ọdún 1984. Ní oṣù Kẹta ọdún 2001, ó kọ lẹ́tà tó gba 972 ojú ìwé pẹ̀lú ẹ̀rí inú rẹ̀ sí EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká.

Ìwọ̀n tí wọ́n ní kò léwu kò dúró sójú kan láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ ká fi nánógírámù nínú lítà omi kan ka gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n abẹ́lé DuPont ní ọdún 1991 jẹ́ 1,000. Ní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ West Virginia gbé kalẹ̀, tí àwọn onímọ̀ DuPont wà lára rẹ̀, fọwọ́ sí 150,000, ìyẹn ìlọ́po 150 ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti fi ṣe ààlà fúnra rẹ̀. EPA sọ ọ́ di 500 fún agbègbè náà ní ọdún 2006, ó di 400 ní ọdún 2009. Ní ọdún 2016, wọ́n ní PFOA àti ìbátan rẹ̀ PFOS kò gbọdọ̀ ju 70 lọ bí a bá pa méjèèjì pọ̀.

Bí ìwọ̀n náà ti ń rẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ará ìlú pàápàá di ẹ̀rí. Nínú àdéhùn tó parí ẹjọ́ tí àwọn tó ń mu omi náà pe DuPont, ní ọdún 2004, wọ́n pinnu láti fi lára owó àdéhùn náà yẹ àwọn ènìyàn wò. Wọ́n san 400 dọ́là fún ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tó sì dáhùn ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀. Láàárín ọdún 2005 sí 2006, nǹkan bí 69,000 ènìyàn jáde láti àgbègbè omi mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn mẹ́ta ló yẹ èsì náà wò. Ní ọdún 2011 àti 2012, wọ́n kéde pé ó ṣeé ṣe kí C8 ní í ṣe pẹ̀lú àrùn mẹ́fà: jẹjẹrẹ kíndìnrín, jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n, àrùn táírọ́ìdì, egbò inú ìfun ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni EPA gbé ìlànà àyẹ̀wò tó ń jẹ́ Method 537 jáde, ní ọdún 2009. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ bu omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kó wọ aṣọ tí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń lé omi pa lára. Ike polypropylene tó gba mílílítà 250 ló ń lò, torí pé kẹ́míkà náà lè lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ dà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tún máa ń gbé omi mìíràn tí kò ní C8 dání láti láàbù, á da ìyẹn sínú ike mìíràn níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí C8 nínú omi kejì yìí, ara afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹni tó bù ú ló ti wá. Ní láàbù, wọ́n máa ń sẹ́ omi náà gba inú káátíríìjì kékeré kan tó ń gba kẹ́míkà náà dúró, wọ́n á fi methanol ṣàn án jáde, wọ́n á gbẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì tún un pò di mílílítà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ìwúwo wọn ló máa ń parí iṣẹ́ náà. Ó ń wá èérún PFOA tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 413, á fọ́ ọ, á sì wò ó bóyá 369 ló kù. Teflon pọ̀ lára irú ẹ̀rọ báyìí tẹ́lẹ̀, nínú àwọn ọpọ́n rẹ̀, débi pé àwọn láàbù ní láti yọ ọ́ kúrò kí èsì má baà dàrú.

Láti ọdún 2013 sí 2015, EPA ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ omi ńláńlá káàkiri Amẹ́ríkà fi ìlànà Method 537 yìí wá oríṣi kẹ́míkà mẹ́fà tó jẹ́ ti ìdílé C8 nínú omi wọn. Ṣùgbọ́n PFOA tí kò bá tó 20 nánógírámù nínú lítà kan, àti PFOS tí kò bá tó 40, wọn kò ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka èsì náà láìmọ èyí, á rò pé omi ọ̀pọ̀ ìlú mọ́ tónítóní.

Ní ọdún 2018 àti 2019, ìlànà 537.1 àti 533 jáde, wọ́n sì jọ ń wá oríṣi 29 nínú ìdílé náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, EPA ṣe òfin pé PFOA inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju 4 lọ, PFOS náà kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ. Òdo ni ìwọ̀n tí àjọ náà kọ sílẹ̀ pé ìlera ń fẹ́. Wọ́n yan 4 torí pé ibẹ̀ ni àwọn láàbù jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lè wọ̀n dé láìṣìṣe. Ọdún 2029 ni wọ́n dá fún àwọn ilé-iṣẹ́ omi láti dé orí ìwọ̀n yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, EPA kéde pé òun fẹ́ sún un sí 2031.