Ìrìn Ẹlẹ́sẹ̀ ní Erédò Sùngbọ́

Ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ ní Erédò Sùngbọ́ jẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ tí àwọn èèyàn díẹ̀ ń kóra jọ rìn tẹ̀lé afinimọ̀nà, ní etí odi àti yàrà ayé àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po. Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Awùjalẹ̀ tó jẹ́ ọba Ìjẹ̀bú, ni àlejò sábà máa ń fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì, ọjà àti ibùdókọ̀ wà, ó sì tó nǹkan bí 110 kìlómítà sí Èkó lójú títì. Odi náà gùn tó 160 kìlómítà, igbó sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi mọ́tò gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ lè kọjá lára rẹ̀ láìfura. Ẹsẹ̀ ló ń mú èèyàn dé ìdí rẹ̀.

Odi àti yàrà

Kò sí òkúta, kò sí bíríkì nínú iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́, erùpẹ̀ tó jáde látinú yàrà ni wọ́n sì dà sí etí rẹ̀ níhà inú, títí tó fi di odi. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló tipa bẹ́ẹ̀ bí nǹkan méjì: bí yàrà ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà ní àwọn ibì kan. Ọ̀tá tó bá ti òde wá yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kó tó lè gun òkè, ojú àwọn tó wà lórí odi yóò sì ti tó o.

Ẹ̀gbẹ́ yàrà náà dúró ṣánṣán títí di òní ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé ilẹ̀ pupa yìí máa ń le kankan bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Ewédò ti bo ara rẹ̀. Àwọn igi tó hù sí etí méjèèjì ti na ẹ̀ka pàdé ara wọn lókè, oòrùn ọ̀sán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń rìn nísàlẹ̀ yóò rí i pé ibẹ̀ tutù ju oko tó wà lókè lọ.

Bí a bá wo odi náà lórí máàpù, ó ṣe roboto, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún régé. Ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì tó 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú agbo náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìlú, abúlé àti oko. Nítorí èyí, ó yàtọ̀ sí odi ìlú tí a mọ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta: odindi ilẹ̀ kan ni wọ́n fi í yí ká. Ààlà ìpínlẹ̀ òde òní sì gé e sí méjì. Apá kan wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì wà ní ìhà Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan tilẹ̀ ti ń jẹ́ Erédò.

Ta ló gbẹ́ ẹ?

Ìtàn tí àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí ń sọ ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Bílíkísù Sùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Opó ni, kò sì bímọ, ó wá fẹ́ iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò fi ní parẹ́. Sàréè tí wọ́n ń pè ní tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdọọdún ni èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà: Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Wọ́n ní koríko kì í hù lórí ibojì náà. Àwọn kan sì gbà pé Bílíkísù yìí kan náà ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, nítorí pé Bilqis ni orúkọ tí ìtàn àwọn Mùsùlùmí fún ọbabìnrin náà.

Ìwádìí kò gbe apá tó kan Ṣébà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n fi Sólómọ́nì sí, Erédò kò sì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Peter Lloyd kọ nípa odi yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní 1959. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Bournemouth, fi ọdún púpọ̀ rìn ín, tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń ya máàpù rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ di ohun tí ayé gbọ́ ní 1999, ó ní erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.5 kúbíìkì mítà. Èyí fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju ohun tí wọ́n fi kọ́ Pírámíìdì ńlá Giza lọ. Ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó walẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mú ọjọ́ orí náà sún mọ́ wa. Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan darí iṣẹ́ ìwádìí kan tó pa Ilé-Ifẹ̀ àti Erédò pọ̀. Ohun tí wọ́n hú jáde fi hàn pé láàárín nǹkan bí 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ yàrà náà, láàárín àkókò kúkúrú. Èyí bá ẹ̀rí kan tó ti pẹ́ mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Potogí, kọ ọ́ pé ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebuu wà lókè odò, tí yàrà ńlá yí i ká. Ó tún kọ ọ́ pé ẹrú ni ọjà tí wọ́n ń ná jù níbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ 12 sí 15 ni wọ́n sì ń fi ra ẹnì kan. Orúkọ tó pe alákòóso ibẹ̀ kò jìnnà sí Awùjalẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọdún 1400 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, a jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìran mẹ́wàá. Ẹnì kan tàbí ìjọba kan wà tí agbára rẹ̀ tó láti kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jọ sẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ìtàn Òkè-Ẹ̀rí lè má bá ti awalẹ̀pìtàn mu lórí ọdún, ṣùgbọ́n lórí èyí ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ilẹ̀ tí àlejò kì í rìn gààrà

Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí àlejò tó lè máa rìn bó ṣe wù ú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà tó so ọ̀sà pọ̀ mọ́ ìlú òkè wà lọ́wọ́ wọn, oníbodè ń gba owó ibodè, ọjà Ìjẹ̀bú sì ni ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pàdé. Ní 1891, Denton tó ń dele fún Gómìnà Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà, wọn kò sì dá a lóhùn bó ṣe fẹ́. Nígbà tí wọ́n dá àlùfáà òyìnbó kan padà lẹ́yìn àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1892 láti ṣí ọ̀nà, Gómìnà Carter gbé ogun dìde. Ọ̀gágun Francis Scott kó àwọn ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ní 19 oṣù Karùn-ún 1892, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní odò Yemoji nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Ìmàgbọ̀n. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní 1891 yẹn kan náà, tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò tíì ṣí fún àlejò, ni T. A. Leonard, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Colne lápá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òkè Ambleside. Láti inú ìrìn yẹn ni ẹgbẹ́ Co-operative Holidays Association ti jáde ní 1893, ibẹ̀ sì ni ìsinmi ẹlẹ́sẹ̀ tó ní afinimọ̀nà, ibùwọ̀ kan àti oúnjẹ àjọjẹ ti gbilẹ̀.

Kò yẹ kí a rò pé Ìjẹ̀bú fúnra wọn kò mọ ìrìn àjọrìn. Ọdọọdún ni àwọn olórí ọdún Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń ti ìlú wọn rìn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí Tàmì ti Òdògbolú sì wà lára wọn. Àṣẹ wà lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, pàápàá fún obìnrin. Afinimọ̀nà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ọdún Agẹmọ kó tó dá ìrìn fún ẹnikẹ́ni.

Bí ìrìn náà ṣe ń lọ

Kò sẹ́ni tó ń rin 160 kìlómítà tán lẹ́ẹ̀kan. Apá kan ni wọ́n máa ń yàn, tí wọ́n á rìn láti àárọ̀ dé ìyálẹ̀ta tàbí ọ̀sán. Òkè-Ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí sàréè Sùngbọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó wá lè gba ìhà Ẹ̀pẹ́ wọlé, kí wọ́n rìn ní àyíká ìlú Erédò.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìyọ̀ǹda. Odi náà gba inú oko olóko àti ilẹ̀ ẹbí kọjá, ibì kan sì wà tó jẹ́ ojúbọ. Wọ́n ní láti kí baálẹ̀ tàbí olórítún, kí wọ́n sọ iye èèyàn tó ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n bá wá. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ ìlú ló dára jù fún afinimọ̀nà, torí òun ló mọ oko ta ni wọ́n wà, òun náà ló sì mọ ibi tí yàrà ti ya lulẹ̀.

Ìdí méjì ló mú kí ó dára kí èrò má pọ̀. Ọ̀nà tóóró ni ìsàlẹ̀ yàrà, ẹnì kan ló ń tẹ̀ lé ẹnì kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ohun tí afinimọ̀nà ń sọ níwájú. Èkejì ni pé erùpẹ̀ lásán ni odi náà. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń já díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, òjò á sì parí èyí tó kù. Afinimọ̀nà gidi kì í jẹ́ kí èrò gùn ún níbi tó bá wù wọ́n. Ibi tí ará oko ti ń kọjá tẹ́lẹ̀ ni yóò mú wọn gbà.

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló rọrùn jù. Lásìkò òjò, pàápàá ní oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ pupa máa ń yọ̀, omi sì lè dúró sí ìsàlẹ̀ yàrà. Bàtà tó bo kókósẹ̀, ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn àti omi mímu ni ẹrù tí kò yẹ kí ó wọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ejò, ẹ̀gún àti ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìkọ́kọrẹ́ tó gbóná ni oúnjẹ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa ìrìn yìí pọ̀ mọ́ àjọ̀dún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ní láti tètè wá ibùwọ̀.

Irú rẹ̀ níbòmíràn

Ní Ilẹ̀ Yúróòpù, etíkun ni ọ̀pọ̀ irú ìsinmi báyìí wà. Nígbà tí iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í tan fúnra rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú rẹ̀. North Foreland, ilé iná tó kẹ́yìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tan fúnra rẹ̀ ní 1998. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi di ibùwọ̀, àlejò ń sùn síbẹ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ rin etíkun. Ní Accra ní Ghana, ìsàlẹ̀ ilé iná Jamestown, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní àwọn ọdún 1930 rọ́pò ti 1871, ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kó àlejò rin ìlú àtijọ́ náà já. Ní Ouidah ní Benin, nǹkan bí kìlómítà 4 ni ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà dé òkun, ẹnu ọ̀nà ìrántí tí wọ́n kọ́ ní 1995 ló sì parí rẹ̀. Àgbádárìgì ní irú rẹ̀ ní erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú. Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè.

Èyí tó pọ̀ nínú wọn ní nǹkan tí ojú máa ń rí lọ́ọ̀ọ́kán: ilé gogoro, ẹnu ọ̀nà, òkè. Erédò kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí afinimọ̀nà fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Bí kò bá sí ẹni tó lè sọ pé gegele yìí jẹ́ odi, pé kòtò yìí jẹ́ yàrà, igbó lásán ni àlejò yóò kà á sí.

Ìtọ́jú

Nàìjíríà ti fi Erédò Sùngbọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti 1995. Àwọn ibi mìíràn ní Nàìjíríà ti wọ inú ogún náà: Sukur ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Erédò ṣì wà lórí àkọsílẹ̀ ìdúró. Gígùn rẹ̀ ló mú kí ìtọ́jú rẹ̀ ṣòro: ìlú púpọ̀, ẹbí púpọ̀ àti ìpínlẹ̀ méjì ló ni ín. Ọ̀nà títì ti gé e, ilé ń súnmọ́ ọn, àwọn kan ń wa ilẹ̀ pupa rẹ̀ lọ kọ́lé, àwọn kan sì ń da pàǹtí sínú yàrà.

Ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ kò lè tún èyí ṣe tán, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ohun méjì tí òfin kò lè ṣe. Ó ń mú kí owó afinimọ̀nà, ti ìyá olóúnjẹ àti ti onímọ́tò wọ ìlú tó wà lẹ́bàá odi, èyí tó ń sọ odi tó dúró di ohun tó lérè ju erùpẹ̀ tí wọ́n wà tà lọ. Ó sì ń mú kí ojú wà lára rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó rin apá kan ní ọdún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí wọ́n bá ti dí i lọ́dún yìí.