Kókó Tí Ọ̀bẹ Kò Lè Gé: Ibà Pọ́njú, Àwọn Àgùdà àti Ìtàn Inú RNA



Ẹni tí ó bá rin Pópó Àgùdà láti Gbàgede Campos dé òpópónà Kakawa yóò rí àwọn ilé tí ń sọ ìtàn fúnra wọn. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n mú ẹ̀sìn, oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun kan ti bá àwọn baba wọn wọ ọkọ̀ lọ tí kò kọ́ ilé kankan sílẹ̀ fún òpìtàn láti wò. Ibà pọ́njú ni. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: níbo ni a ti lè ka ìtàn ìrìnàjò rẹ̀?

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ibà yìí. Gbogbo àṣẹ tí ó fi ń bí irú ara rẹ̀ wà lára okùn RNA kan ṣoṣo, tí ó gùn tó nǹkan bí 11,000 lẹ́tà. RNA kì í sì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, nítorí pé àwọn ẹ́ńsáímù wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gé e. Wọ́n wà nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n wà lórí awọ ọwọ́ wa pàápàá. Sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe láìsí wọn: bí RNA bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an tán, a gbọ́dọ̀ gé e dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣẹ àná yóò máa dí ti òní lọ́wọ́. Ọmọ ogun ni àwọn mìíràn nínú wọn. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì wa, tí RNA onífọ́nrán méjì rẹ̀ sì fara hàn, èyí tí a ń pè ní RNase L a jí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé RNA káàkiri. Nínú ẹ̀fọn, Dicer ni ó ń gé irú RNA bẹ́ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí a óò sì fi ègé náà wá ìyókù rí.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún òpìtàn. Nínú ilẹ̀ gbígbóná bí tiwa, ọ̀bẹ wọ̀nyí ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́. A kò lè retí pé kí itẹ́ òkú kan ní Èkó tàbí ní Bàhíà fi RNA ibà tí ó pa àwọn tí a sin síbẹ̀ hàn wá. Ohun tí ó kù ni àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbé láti ara dé ara títí di òní. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ fi RNA àwọn ti Áfíríkà wé ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ibà náà ti dé òdìkejì òkun, ní nǹkan bí 300 sí 400 ọdún sẹ́yìn. Àkókò òwò ẹrú nìyẹn.

Ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri, Aedes aegypti, fẹ́ràn omi tí a tọ́jú sílé: ìkòkò, agbada, àgbá. Àgbá omi inú ọkọ̀ ẹrú jẹ́ ilé fún un. Nígbà tí ibà náà jà ní Salvador ní ọdún 1849 àti ní Rio ní ọdún 1850, àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru òwò ẹrú, àwọn mìíràn sì ń fi ojú burúkú wo àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn, bí ẹni pé ẹrú ni ó yan ọkọ̀ tí ó wọ̀. Ní ọdún 1881 ni Carlos Finlay ní Kúbà sọ pé ẹ̀fọn ni; ní ọdún 1900 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Àwa ará Erékùṣù Èkó mọ ohun tí omi jẹ́. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, inú ìkòkò ni ilé gbogbo ń tọ́jú omi sí. Ìdí nìyẹn tí kànga João Esan da Rocha ní Kakawa fi lókìkí tí a fi ń pe ilé rẹ̀ ní Ilé Omi.

Yábà, ní òdìkejì ọ̀sà, ni ìtàn náà tún ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ Rockefeller dá ìgbìmọ̀ ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1925. Ní ọdún 1927, a gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní Gold Coast tí ibà náà mú, a sì fi í sí ara ọ̀bọ ilẹ̀ Éṣíà kan. Asibi yè, ọ̀bọ kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ibà yìí kan náà pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí, ní Èkó. Láti inú fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937. Láti ara 17D ni a sì ti kọ́kọ́ ka RNA ibà pọ́njú tán, lẹ́tà dé lẹ́tà, ní ọdún 1985.

Nínú kíkà yẹn ni a ti wá mọ ọgbọ́n tí ó fi yè. Ẹ́ńsáímù kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ XRN1. Láti orí okùn ni í ti í bẹ̀rẹ̀, a máa jẹ RNA ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tí ń jẹ ìrèké. Ní ọdún 2010, a rí i pé ó ku díẹ̀ kí ó jẹ RNA ibà pọ́njú tán ni ó kan kókó kan, tí eyín rẹ̀ sì dúró. Ní ọdún 2014, a rí àwòrán irú kókó bẹ́ẹ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì kan tí ó bá a tan: RNA náà ká bí òrùka yí orí ara rẹ̀ ká. Ègé tí kò ṣeé jẹ yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Nínú ẹbí fáírọ́ọ̀sì yìí, òun ni ó ń dí ààbò sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ọ̀bẹ onílé ni àlejò fi gbẹ́ ohun ìjà tirẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 2004 ni àjẹsára yìí wọ inú ètò abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ ní ọdún 2017 ibà náà tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí pé abẹ́rẹ́ kò tíì dé ara gbogbo ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni oògùn náà ti wá. Bí ọmọ wa bá ṣì ń kú nítorí àìrí i gbà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì mọ́. Àwọn Àgùdà rí ọ̀nà padà wálé. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a rí gbà lára Asibi náà rí ọ̀nà wálé.