Etí Pápá àti Àárín Pápá: Ta Ló Ni Ibi Tí Eré Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Láti ìgbà tí òpìtàn ará Netherlands, Johan Huizinga, ti gbé ìwé rẹ̀ Homo Ludens jáde ní 1938, etí pápá ni àwa tí à ń kọ̀wé lórí eré tẹjú mọ́. Lójú Huizinga, ààlà tí a fà yí ilẹ̀ ká ló sọ ọ́ di ilẹ̀ eré. Ìdí nìyẹn tó fi ka tẹ́ńpìlì, ilé ẹjọ́, orí ìtàgé àti pápá tẹ́níìsì pọ̀: gbogbo wọn ni a ti yà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ wọ́n. N kò bá a jiyàn lórí ààlà. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé kò bojú wo àárín rárá. Ààlà ń sọ ibi tí eré mọ. Àárín ló ń sọ ẹni tí eré jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rí èyí wà nílẹ̀ gbangba, nínú Òfin Kìíní bọ́ọ̀lù tí gbogbo rẹfirí há sórí, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń rékọjá lára rẹ̀.

Òfin náà kà á léèwọ̀ kí àmì FIFA, ti àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, ti ìdíje tàbí ti ẹgbẹ́ kankan wà lójú pápá nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà ló gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Ara àsíá igun pápá ni wọ́n fún un láyè. Etí ni wọ́n lé àmì sí! Ẹ wo Jos: ẹgbẹ́ Mighty Jets ibẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní 1972. Plateau United gba FA Cup ní 1999, ó sì gba líìgì ní 2017. Bí òkìkí wọn ṣe tó, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ya àmì rẹ̀ sínú òbìrìkìtì àárín pápá Rwang Pam.

Họ́kì orí yìnyín ṣe òdìkejì pátápátá. Ní líìgì NHL, yìnyín náà gùn ní 200 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 85, òbìrìkìtì àárín rẹ̀ sì jẹ́ 30 ẹsẹ̀ bàtà láti etí kan dé èkejì. Inú òbìrìkìtì yẹn ni àmì onílé máa ń wà. Páìpù tó wà nínú kọnkéré ló ń mú ilẹ̀ tutù. Wọ́n á fọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi dì, wọ́n á kùn ún ní funfun, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á ya àmì, wọ́n á sì tún fi omi bò ó. Gbogbo yìnyín náà kò nípọn ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ. Lẹ́tà C àti H ti ẹgbẹ́ Canadiens ní Montreal wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ bàtà ẹnì kankan kò kàn án.

Ẹnì kan lè sọ pé owó ìpolówó ló fà á. Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ẹgbẹ́ kọ́ ni ọjà tí wọ́n ń polówó. Ẹlòmíràn lè ní ẹni tó ni ilé ló ni àárín: ẹgbẹ́ Jos ń lo pápá ìjọba, ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ní gbọ̀ngàn tiwọn. Èyí náà kò dúró. Ní Toronto, inú gbọ̀ngàn kan náà ni Maple Leafs ti họ́kì àti Raptors ti básíkẹ́ẹ̀tì ti ń gbá eré wọn. Bí wọ́n bá tẹ́ pákó básíkẹ́ẹ̀tì lé yìnyín, àmì àárín yóò yí padà. Manchester United náà ló ni Old Trafford, síbẹ̀ òbìrìkìtì rẹ̀ ṣófo. Ilẹ̀ eré ló ń gbé àmì, ilé kọ́.

Èyí tó le jù láti dáhùn ni pé koríko ń hù, wọ́n sì ń gé e, nítorí náà kò lè gbé àwòrán pẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí òfin fi ka àmì orí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú léèwọ̀, èyí tí kò kan koríko? Ẹ tún wo Chicago. Nínú yàrá ìmúra ẹgbẹ́ họ́kì Blackhawks, èèwọ̀ ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tẹ àmì ẹgbẹ́ tó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Àmì yẹn kan náà ni wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Yìnyín tó bò ó ló sọ ọ́ di ohun tí a ń wò láìtẹ̀ ẹ́.

Ó dà bíi pé bí eré ṣe ń padà bẹ̀rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tí góòlù wọ àwọ̀n rẹ̀ ló ń padà gbá a láti àárín. Nínú họ́kì, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ eré ń ju rọ́bà pẹlẹbẹ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì, àlejò sì gbọ́dọ̀ bá onílé du rọ́bà náà lórí àmì onílé. Àárín ṣófo nínú bọ́ọ̀lù kí ẹni tí wọ́n nà lè rí ibi dúró sí. Nínú họ́kì, ó kún kí àlejò má baà gbàgbé ilé ẹni tó wà.

Èrò pé kí àárín ṣófo kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Lára ọpọ́n Ifá, etí ni ojú Èṣù wà, etí náà ni agbẹ́gilére ti ń da ẹyẹ, ejò àti ẹlẹ́ṣin bolẹ̀. Rowland Abíọ́dún, Drewal àti Pemberton ti tú ìgbékalẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ ní 1989, n kò ní í tún un sọ. Àárín ni wọ́n ń da ìyẹ̀rosùn sí, kí odù tó bá jáde lè rí ojú ibi tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sí. Bí àmì ẹnìkan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò dá Ifá mọ́, a ti mọ ìdáhùn. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọgbọ́n kan náà ló wà nínú Òfin Kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ ọpọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju eré lọ. Ọjà ńlá Terminus ní Jos jó ní 2002, ó sì wà ní àwókù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba Plateau fẹ́ gbé àtúnkọ́ rẹ̀ fún Jaiz Bank, báǹkì tó ń tẹ̀lé ìlànà Ìsìláàmù, ní 2022, awuyewuye gba ìlú kan. Ààlà ọjà kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Gbogbo ará Jos, àti àwa Yorùbá tó ń tajà níbẹ̀, mọ ibi tí ọjà mọ. Orúkọ ẹni tí yóò wà láàárín ìlú ni wọ́n ń jà sí. Huizinga kò fún wa ní irinṣẹ́ tí a lè fi ka irú ìjà bẹ́ẹ̀. Òfin Kìíní fún wa.