Rírẹ Ọkọ̀ Asáré Sílẹ̀ ní Dallas

Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ni iṣẹ́ mẹkáníìkì tí a fi ń dín àlàfo tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti títì kù, nípa pípààrọ̀ sípíríǹgì tàbí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kó sí i láti ilé-iṣẹ́. Ẹwà ni àwọn kan ń wá. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ títì dáadáa ní kọ́nà. Ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, ilẹ̀ ìlú náà fúnra rẹ̀ ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìtàn

Àárín àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé Los Angeles ni àṣà náà ti gbilẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950. Wọ́n ń kó àpò yanrìn sí búùtù kí ìdí ọkọ̀ lè relẹ̀, wọ́n sì ń gé sípíríǹgì. Òfin California tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958 ka á léèwọ̀ kí ohunkóhun lára ọkọ̀ relẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ rìímù lọ. Ron Aguirre, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wá fi ẹ̀rọ haidrọ́líìkì sí ọkọ̀ asáré Corvette tirẹ̀, ó sì lè gbé e sókè nígbàkígbà tó bá fẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Ní Dallas, Jefferson Boulevard ní àdúgbò Oak Cliff ni wọ́n ti máa ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe fáàrí.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Sípíríǹgì kúkúrú ni owó rẹ̀ kéré jù; ó sábà máa ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 25 sí 40. Kọilóvà so sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀, sípánà ni a sì fi ń yí gíga rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ ló wọ́n jù, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì lásán ló ń gbé ọkọ̀ sókè sódò.

Sípíríǹgì tuntun gbọ́dọ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àyè tó ní láti rìn ti dínkù. Ìdí nìyí tí ìjókòó fi ń ta èèyàn nídìí. Orí táyà náà á tẹ̀ sínú, etí rẹ̀ ti inú á sì máa jẹ tán kí ti ìta tó bẹ̀rẹ̀. Aláìnmẹ́ǹtì pọn dandan lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Lílò ó lójoojúmọ́

Amọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Dallas. Bí òjò bá rọ̀, ó mu omi, ó wú; bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 38 ti Selsiọ́ọ̀sì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó súnkì, ó sán. Títì àti ẹnu ọ̀nà ilé ń bá a gòkè, wọ́n sì ń bá a sọ̀kalẹ̀. Gegele tí ọkọ̀ fò kọjá lánàá lè ha bọ́ḿpà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, awakọ̀ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà, kí táyà kan ṣáájú èkejì. Jáàkì lásán kì í sábà wọ abẹ́ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá mọ ìṣòro yìí. Corvette tó jáde fún 2020 ní ẹ̀rọ tí oníbàárà lè fowó kún un láti rà: ó ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí mílímítà 40 kí ìṣẹ́jú àáyá 3 tó pé, ó sì lè fi GPS rántí ibi 1,000 tó ti yẹ kó gbéra.

Òfin

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Texas kò béèrè àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún lọ́wọ́ ọkọ̀ àdáni mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní àgbègbè Dallas. Ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀ ni yíyẹ abẹ́ rẹ̀ wò wá já lé. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1975 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fagi lé ìdánilójú ọkọ̀ kìkì nítorí pé a pààrọ̀ sípíríǹgì, àfi bí ó bá jẹ́ pé ohun tuntun náà ló fa ìbàjẹ́.

Fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mílímítà 25 ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ ni kó rà.